Bí A Ṣe Lè Mú Ìpáàrà Kúrò Lára Kẹ̀kẹ́ Àtijọ́ Láìba Ọ̀dà Rẹ̀ Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìfipamọ́, kì í sì í ṣe ti owó yíyá. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni, kẹ̀kẹ́ ológeere tí àwọn bàbá wa gùn, tí ó ṣì wà lẹ́yìn ilé ọ̀pọ̀ nínú wa àti nínú ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́ wa títí di òní. Bí mo ti ń lọ láti ẹgbẹ́ kan dé èkejì, láti Òkè-Ìlèwó níhìn-ín títí dé ìhà Odẹ́dá àti Owódé, mo máa ń rí i tí wọ́n gbé irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ògiri, tí ìpáàrà ti bo ara rẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ti mú sáńpépà lọ́wọ́ láti há a. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé yìí, nítorí pé bí a bá ti há ọ̀dà àkọ́kọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́, kò sí owó tí a lè fi rà á padà.

Kí á tó dé orí iṣẹ́ náà gan-an, ẹ jẹ́ kí á rántí bí kẹ̀kẹ́ ti jẹ́ sí iṣẹ́ wa. C. F. Strickland kọ ìròyìn rẹ̀ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1934, òfin tó fìdí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ sì jáde ní 1935. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àárín àwọn àgbẹ̀ kòkó ni ẹgbẹ́ náà ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Oko kòkó kò sì sí lẹ́bàá títì ọlọ́dà. Ẹni tí yóò bá gbé ìwé ìṣirò lọ sí abúlé, tí yóò wo kòkó bóyá ó ti gbẹ tó, tí yóò sì tún padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn ín tàbí kí ó gun kẹ̀kẹ́. Ohun iyì ni kẹ̀kẹ́ jẹ́ nígbà náà. Àwọn agbẹ́gilére wa pàápàá a máa gbẹ́ ọkùnrin tó gun kẹ̀kẹ́ sí ara ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbẹ́ jagunjagun lórí ẹṣin.

Raleigh ti ìlú Nottingham ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù, ṣùgbọ́n Hercules, BSA àti Phillips náà wà, láti Birmingham àti agbègbè rẹ̀. Wọ́n a gúnlẹ̀ sí Èkó, wọ́n a sì bá ọkọ̀ ojú irin wá sí òkè, nítorí pé ojú irin náà ti gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn láti 1901. Ilé iṣẹ́ Raleigh ní Nottingham ti kógbá sílé ní 2002. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá ń wá ọ̀dà ilé iṣẹ́ náà lónìí, ara kẹ̀kẹ́ tó ti wà nílẹ̀ nìkan ni yóò ti rí i.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ọ̀dà lásán fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà ara àwọn kẹ̀kẹ́ yẹn kì í ṣe èyí tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ní ìdajì ọjọ́. Wọ́n a kọ́kọ́ fọ irin náà mọ́ tónítóní, wọ́n a kùn ún, wọ́n a gbé e sínú ààrò gbígbóná kí ọ̀dà náà lè gbẹ mọ́ irin pinpin, wọ́n a sì tún kùn ún lé orí ti àkọ́kọ́. Ìlà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń rí lára férémù àti mọ́gáàdì, ọwọ́ ènìyàn ni ó fà á, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírun gígùn. Àmì ilé iṣẹ́, irú bí orí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn ti Raleigh, a máa wà níwájú férémù. Àwọn lẹ́tà tó wà lára páìpù jẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn tí wọ́n sì fi fáníìṣì bò. Àwọn tó ń fín ọ̀dà sára ọkọ̀ lè fín èyí tó dán ju gbogbo rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dà tiwọn ni yóò jẹ́. Àwọn tó ń kó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jọ, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1955, mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Bí wọ́n bá rí kẹ̀kẹ́ tí ọ̀dà rẹ̀ há díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ́ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, wọ́n á rà á ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ.

Ní tèmi gẹ́gẹ́ bí alábẹ̀wò, ìdí mìíràn wà tó ju ti owó lọ. Ọ̀dà jẹ́ ẹ̀rí. Ẹgbẹ́ kan wà tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí akọ̀wé rẹ̀ àtijọ́ kú. Àwọn ọmọ olóògbé ní kẹ̀kẹ́ tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí jẹ́ ti bàbá àwọn, pé owó ara rẹ̀ ló fi rà á. Ìgbìmọ̀ ní rárá, pé ẹgbẹ́ ló rà á fún iṣẹ́. A ṣí ìwé ohun ìní ẹgbẹ́. Ó wà níbẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ dúdú kan, nọ́ńbà báyìí báyìí, tí a fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí ìbòrí ṣéènì rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n ń múra àjọ̀dún, wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ náà fún ẹnì kan tó fi gíráńdà lọ̀ ọ́ dé irin, tó fi pọ́tì dí gbogbo ojú ihò, tó sì kùn ún ní búlúù. Orúkọ ẹgbẹ́ ti lọ. Nọ́ńbà náà ti lọ dàálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè ka ju méjì lọ nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀bẹ̀ àgbà ni ó parí rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí, àwọn ọmọ olóògbé náà kò sì tíì wá sí ìpàdé láti ìgbà náà wá. Bàbá wọn sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ jíròrò lé e lórí, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ wá nọ́ńbà férémù, èyí tó sábà máa ń wà lábẹ́ ìjókòó níbi tí àwọn páìpù ti pàdé, tàbí lápá ẹ̀yìn níbi tí táyà ti dè mọ́ férémù, tàbí lábẹ́ ibi tí pẹ́dàlì ti ń yí. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá ní jíà mẹ́ta láti ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer, ẹ nu àárín táyà ẹ̀yìn dáadáa, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì tó dúró fún ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ó bá jẹ́ 56, a jẹ́ pé 1956 ni. Bí lísẹ́ńsì kẹ̀kẹ́ ti ayé àtijọ́ bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ má yọ ọ́ dànù. Ìwé ẹ̀rí ni.

Ó tún yẹ kí á mọ irú ọ̀tá tí a ń bá jà. Bí irin, omi àti afẹ́fẹ́ bá pàdé, irin á dógùn-ún. Iṣẹ́ ọ̀dà ni láti dá omi àti afẹ́fẹ́ dúró níta. Ibi tí ọ̀dà bá ti há tàbí tó ti ṣí ni ìpáàrà ti ń wọlé, bó bá sì ti wọlé, ó ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀dà fi ń wú sókè bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ óò kùn ún lé orí ìpáàrà, ẹ kàn ń bo iná mọ́ abẹ́ ewé ni.

Ìpáàrà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Òmíràn wà tó jẹ́ àbàwọ́n lásán, tó ṣàn láti ara ìdè tàbí sípóòkù wá sórí ọ̀dà tó ṣì dára. Òmíràn wà nínú ojú há kéékèèké. Òmíràn sì ti jẹ irin jinlẹ̀, pàápàá lábẹ́ mọ́gáàdì àti nídìí kárìá, níbi tí ẹrẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́. Bí a bá lo oògùn ti ẹ̀kẹta fún ti àkọ́kọ́, a ó ba ọ̀dà tí kò ṣe nǹkan kan jẹ́.

Ìfọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ pẹ̀lú àkísà òwú, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ dúdú tó ṣì ní agbára eérú rẹ ẹ́ sílẹ̀, ẹ má sì lo káún, nítorí pé wọn a máa bó ọ̀dà àti bébà orúkọ. Ìjókòó aláwọ, ẹ yọ ọ́ kúrò kí omi má dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ gbé e sí ibòji. Oòrùn ọ̀sán gangan yóò mú kí bébà orúkọ tó ti gbó ká.

Fún àbàwọ́n àti ìpáàrà fẹ́ẹ́rẹ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun tó fúyẹ́ ti tó. Bí ó bá ki, ẹ fi kẹrosíìnì díẹ̀ là á. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tó fara sin, fún àpẹẹrẹ lábẹ́ ibi tí pẹ́dàlì wà, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fi àkísà funfun nù ún. Bí dúdú tàbí wúrà bá yí àkísà, ẹ dáwọ́ dúró, ọ́ìlì nìkan ni kí ẹ lò láìsí kẹrosíìnì. Bí àkísà bá mọ́, ẹ fi ọ́ìlì náà pa ojú ìpáàrà, kí ó sùn mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi àkísà rírọ̀ nu ún, ẹ tún fi òmíràn pa á. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Níbi ojú há kéékèèké, irinṣẹ́ tó dára jù tí mo mọ̀ kò ju orín lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, orín tí a fi ń rin ẹnu. Ẹ rún un lẹ́nu títí yóò fi rí bí búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tì í bọ ọ́ìlì, kí ẹ wá máa fi rin ojú ìpáàrà náà jẹ́jẹ́, láti àárín rẹ̀ wá sí etí. Ó le ju ìpáàrà fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, kò sì le tó láti há ọ̀dà tó dì mọ́ irin. Bí ìpáàrà bá yi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣá ọparun lẹ́nu pẹlẹbẹ, kí ẹ fi máa kán an. Búrọ́ọ̀ṣì onírin kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí ọ̀dà wà rárá.

Ara tó ń dán bíi dígí, irú bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti rímù, kì í ṣe ọ̀dà. Kúróòmù ni, ó sì tinrin púpọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ìpáàrà a máa gba ojú ihò kéékèèké inú rẹ̀ yọ bí ẹ̀ta. Ẹ mú bébà fàdákà tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, tàbí èyí tó máa ń wà nínú páálí sìgá, ẹ rún un mọ́ ọwọ́, ẹ tì í bọ omi lásán, ẹ fi máa ra kúróòmù náà. Inú yín yóò dùn sí bí ó ti ń mọ́. Ohun tó fà á ni pé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú bébà náà rọ̀ ju kúróòmù lọ, kò lè ha á. Bí ẹ bá ti parí, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ kíákíá, ẹ fi ọ́ìlì pa á. Fún ẹ̀ta tó bá ṣorí kunkun, kọ́bọ̀ kan tó jáde ní 1973, nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀, dára gan-an, nítorí pé bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ ta ọ́ìlì sí i, kí ẹ fi etí rẹ̀ kán ìpáàrà náà. Ẹ fi òòfà wò ó kí ẹ tó lò ó: ti àtijọ́ yẹn, òòfà kì í mú un. Èyí tó jáde ní àwọn ọdún 1990, irin ló wà nínú rẹ̀, yóò sì ha kúróòmù. Ó pẹ́ tí kọ́bọ̀ kan ti rí iṣẹ́ ṣe, àbí?

Nísinsìnyí, ìpáàrà tó ti bo gbogbo férémù ńkọ́, tí a kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀dà lábẹ́ rẹ̀? Ẹ má tètè sọ ìrètí nù, nítorí pé ọ̀dà sábà máa ń wà lábẹ́ níbẹ̀. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń lò ni oxalic acid, ìyẹ̀fun funfun tí àwọn oníṣẹ́ igi fi ń mú àbàwọ́n kúrò lára pákó. Ẹ ó rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kẹ́míkà. Agbára rẹ̀ ni pé ó ń yọ́ ìpáàrà, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dà tó gbẹ nínú ààrò kò sì ka á sí. Ṣíbí ìjẹun kan sí gálọ́ọ̀nù omi kan, ìyẹn bíi lítà mẹ́rin, ti tó. Ìyẹ̀fun ni kí ẹ dà sínú omi. Ẹ rẹ mọ́gáàdì tàbí férémù sínú rẹ̀ nínú agbada oníke títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì máa wò ó ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Bí kò bá sí agbada tó gbà á, ẹ fi àkísà tí ẹ rẹ sínú omi náà wé e, kí ẹ fi nylon bò ó kí ó má gbẹ. Bí ó bá pẹ́ jù, ohun kan tó pọ́n bí àtíkè yóò lẹ̀ mọ́ irin, wàhálà ni láti yọ ọ́. Ẹ má fi ohun tó jẹ́ síńkì tàbí alumíníọ́mù sínú rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ yín kò bá jẹ́ dúdú, tó jẹ́ àwọ̀ tó ń ta yẹ̀rìyẹ̀rì tí a lè wò kọjá, ẹ dán an wò níbi tó fara sin kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, nítorí pé irú ọ̀dà yẹn kì í ní agbára tó ti dúdú.

Mo ní láti sọ èyí kíkankíkan: májèlé ni oxalic acid. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi nǹkan bo imú nígbà tí ẹ bá ń bu ìyẹ̀fun náà, ẹ má sì bù ú sínú ike omi mímu tàbí ohun èlò ìdáná láéláé. Ẹ má ṣe é níbi tí ọmọdé, ewúrẹ́ tàbí adìẹ yóò dé. Bí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ da eérú tó pọ̀ sí omi náà, kí ẹ tó dà á nù síbi tó jìnnà sí kànga àti odò. Férémù náà, ẹ fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi tí a po bíkábónéètì inú ilé ìdáná mọ́ ra á lára, ẹ tún fi omi fọ̀ ọ́, kí ẹ gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìpáàrà kò ní ìbòrí kankan, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n kí ọjọ́ tó rọ̀.

Ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn ìyá wa fi ń fọ idẹ? Ó ń ṣiṣẹ́ lára ìdè, ṣéènì àti ohun tí kò ní ọ̀dà. Lára ọ̀dà, ó lè mú dídán rẹ̀ kúrò bí ó bá pẹ́, nítorí náà n kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Omi bátìrì, tínà, pẹtiróòlù àti yanrìn odò, ẹ gbàgbé wọn. Omi bátìrì a máa jẹ irin àti ọwọ́ ẹni tó ń lò ó, pẹtiróòlù sì lè gbiná lójijì nínú ilé tí ìwé ẹgbẹ́ wà.

Lẹ́yìn ìmọ́tótó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń sọ iṣẹ́ nù. Wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ lásán, òjò méjì kò sì ní rọ̀ tán kí ó tó padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́. Ẹ fi ìda tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ pa gbogbo ara rẹ̀, ọ̀dà àti irin tó ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ wá fi àkísà gbígbẹ nù ún. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n pò mọ́ ohun ìhára láti fi yọ há kúrò. Ìda lásán ni ẹ ń fẹ́. Ibi tí irin ti ṣí, ẹ má fi ọ̀dà dúdú tọ́ ọ sí. Ìda nìkan ti tó, ẹni tó bá sì wò ó lọ́jọ́ iwájú yóò mọ ohun tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ àti ohun tó jẹ́ ti ọjọ́ orí.

Ọ̀rọ̀ ibi ìpamọ́ kàn yín gan-an, ẹ̀yin akápò àti olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí. Mélòó nínú yín ni ó gbé kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ ti àpò ajílẹ̀? Ajílẹ̀ òyìnbó jẹ́ oríṣi iyọ̀, ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, irin tó bá sì wà nítòsí rẹ̀ yóò dógùn-ún ní ìlọ́po ìlọ́po. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí yàrá mìíràn. Ẹ fi okùn so ó kọ́ kí táyà má kan sìmẹ́ńtì, ẹ má sì fi nylon wé e mọ́lẹ̀, nítorí pé ọ̀rinrin a máa kó sínú rẹ̀ ní òwúrọ̀. Aṣọ òwú tó ti gbó dára jù ú lọ. Nígbà tí òjò bá ń parí, àti nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ tán, ẹ ṣí aṣọ náà, ẹ wò ó yíká, kí ẹ tún ìda pa.

Inú páìpù férémù náà a máa dógùn-ún láti abẹ́nú, ojú kò sì ní rí i títí irin yóò fi lu. Ẹ yọ ìjókòó àti ọ̀pá rẹ̀, ẹ da ọ́ìlì bí ife kékeré kan sínú ihò náà, kí ẹ yí férémù sókè sódò kí ó lè dé gbogbo igun. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dúró mọ́jú pẹ̀lú páálí lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé yóò jò.